Ohun tí kíkọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ti kọ́ mi

Ẹni tó bá ti jókòó sí ìsìn ìsìnkú mẹ́wàá ti gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹwàá. Olóògbé jẹ́ ọkọ rere, bàbá tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà, ọ̀làwọ́, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè ìwé, kò sẹ́ni tó máa mọ òkú tí wọ́n ń sin. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sì lè jẹ́ òótọ́. Bàbá náà lè jẹ́ ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kò ní rí irú rẹ̀ mọ́, kí àdúgbò ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ kí ojú ìwé mẹ́rin tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ má ní ohun kan tí a lè dì mú.

Kíkọ ìtàn yìí àti títo ìwé ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún àwọn ẹbí nílẹ̀ Yorùbá níbí. Mo ń kọ èyí fún ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ nínú ẹbí. Ọmọ tó kàwé jù ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún, yálà ó mọ̀ ọ́n kọ tàbí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìbéèrè ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá béèrè irú ènìyàn tí bàbá jẹ́, oríyìn ni wọ́n máa fún un. Ẹni tó bá béèrè ohun tí bàbá máa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé, bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò bá pàdé.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ tó wà nílẹ̀. Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á ti sin ín lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, kò sí ìwé ètò kankan níbẹ̀. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ni ìtàn rẹ̀ ti máa jáde. Ọjọ́ tó kú wà nínú ìṣirò yẹn, torí náà ẹni tó kú lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni fídáù rẹ̀. Nínú ọjọ́ méje yẹn, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣe é lò rárá. Ti Kìrìsìtẹ́nì máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Pósí, aṣọ ẹbí, olórin, kánópì àti ìpàdé ẹbí tí kì í parí á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á wá fi òru kan ṣoṣo kọ ìtàn ẹni tó lo ọdún 80 láyé. Ìlànà tèmi ni pé kí ọ̀rọ̀ pé nígbà tó bá ku ọjọ́ 10: ẹbí ní ọjọ́ 3 láti kà á, atẹ̀wé ní 5, ọjọ́ 2 tó kù jẹ́ ti iná tó lọ àti ẹ̀rọ tó dákẹ́.

Opó ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń fò. Àwọn ọmọ á ní kí wọ́n má da Màmá láàmú. Màmá á wà nínú yàrá, àwọn ọmọ tó ti fi ilé sílẹ̀ láti ọdún 20 sẹ́yìn á máa kọ ìtàn ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. Èmi kì í lọ bá a ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ẹkún ṣì ń sọ tuntun bí àlejò kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé. Láti ọjọ́ kẹrin ni, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, kí àbúrò rẹ̀ obìnrin tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Opó Mùsùlùmí ní oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tó fi ń ṣe opó. Ẹ lọ bá a nínú ilé, kí ọmọ rẹ̀ kan jókòó tì yín. Ogójì ìṣẹ́jú tó. Bó bá gbà, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, torí bí obìnrin ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, kò sí báírò tó lè sáré bá a.

Bí ẹ bá bi í pé, "Mà, irú ọkọ wo ni Bàbá?", á ní, "Ọkọ rere ni, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn ìbéèrè tó ń ṣílẹ̀kùn kéré, ọ̀rọ̀ ilé lásán ni wọ́n jọ. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ ń jí? Kí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe? Tí ẹ bá ti ọjà dé, ibo lẹ ti máa ń bá a? Oúnjẹ wo ni kì í jẹ ní ìta? Kí ló máa ń pè yín? Ti orúkọ yìí kì í tàsé. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, Bàbá Délé ni, tàbí Olówó-orí mi, tàbí Dádì. Ṣùgbọ́n ọkọ tó fẹ́ràn aya rẹ̀ ní oríkì tó fi ń kẹ́ ẹ, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, ó sì ní orúkọ tó máa ń pè é nígbà tí inú bá ń bí i. Ẹ béèrè méjèèjì. Obìnrin tó bá rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dáhùn ìkejì, ẹ dákẹ́ kí ẹ jẹ́ kó máa lọ, ìtàn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ béèrè ìgbà àìsàn. Ìgbéyàwó ọdún 40 kò ní ṣàì ní ìgbà tí ọ̀kan dùbúlẹ̀. Bó bá ní "ó tọ́jú mi", ẹ má tíì kọ ọ́. Ta ló ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ta ló ń gbé omi gbígbóná lọ sí balùwẹ̀? Ta ló ń lọ ṣí ìsọ̀ kí àwọn oníbàárà má baà ya? Ọkùnrin tó jókòó sí ìsọ̀ aṣọ ìyàwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tó ń fi ọ̀pá wọn ánkárá fún àwọn obìnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì ń mú owó tó pé wálé lálaalẹ́, ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn kò tún bèèrè bóyá ó fẹ́ràn aya rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sọ ni ti ìwé. Ọmọ tí wọ́n bí tó kú, gbèsè, ọ̀rọ̀ òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ kò ní béèrè kó tó sọ wọ́n. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ padà sí i létí, ní Yorùbá, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ó máa ní kí ẹ yọ nǹkan kan. Bó ṣe ń yọ ọ́ ni ó máa rántí nǹkan mìíràn, èyí tó rántí yẹn sì sábà máa ń dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Níbi tí ìyàwó bá ti ju ọ̀kan lọ, yàrá ọ̀tọ̀, ọjọ́ ọ̀tọ̀. Mo máa ń ka ìlà. Bí ìyálé bá ní ìlà 14, ìyàwó kékeré náà ní ìlà 14, àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí fífẹ̀ wọn dọ́gba. Ó jọ eré ọmọdé, àmọ́ àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé irú ìwé ètò méjì ni wọ́n pín láàárọ̀ ìsìnkú bàbá kan ṣoṣo. Èyí tó ti kó jáde ṣùgbọ́n tó bímọ fún un, ẹ kọ ọ́ sí "ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà", kí orúkọ rẹ̀ má parẹ́, kí ẹ má sì tò ó mọ́ àwọn opó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀làwọ́. Nínú pálọ̀ olóògbé, gbogbo ènìyàn ló máa sọ pé ó ran òun lọ́wọ́. Ẹ̀rí tó nípọn wà nínú àwọn ìwé tí bàbá kò ronú pé ẹnikẹ́ni máa ṣí wò. Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, méjì ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹ bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kó ka iye ìgbà tí bàbá ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn. Bí ẹni tó yá owó bá sá lọ, ọrùn onídùúró ni gbèsè ń bọ́ sí, ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan jẹ́ owó ara rẹ̀ tó gbé sẹ́nu kìnnìún nítorí ará àdúgbò. Bó bá jẹ́ olórí àjọ, ẹ wá ìwé àjọ náà jáde. Ènìyàn 20 tó ń dá àjọ sọ́wọ́ ọkùnrin kan fún ọdún 15, tí owó ẹnikẹ́ni kò sọnù, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì kí ẹ sì kọjá lọ, ẹ má fi "olóòótọ́" lé e. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ onílé máa sọ ẹni tó ń lé owó tiransifọ́mà kiri, ẹni tó fi ilé rẹ̀ ṣe ibi ìpàdé, ẹni tó yọ̀ǹda ẹsẹ̀ ilẹ̀ kí gọ́tà lè kọjá. Ẹ ka ti ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Ó ń su ènìyàn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti ń rí gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń gbé gbogbo ìtàn dúró.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ jáde sí òpópónà. Fọ́kánáísà, alákàrà orí ìta, mẹ́gáàdì, ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí: àwọn wọ̀nyí kì í wá sí ìpàdé ẹbí, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń kọ ìtàn, ńṣe ni ahọ́n wọn á di ti olóyìnbó. Ẹ kàn ní Bàbá ti lọ, kí ẹ wá dúró. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, jẹ́ ìbéèrè tó dára láti bi wọ́n: ta ló kọ́kọ́ máa ń gbé ṣọ́bìrì jáde, iwájú ilé ta ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń gbá iwájú ilé tirẹ̀ tán tó ń wọlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé opó tó wà ní ìkángun òpópónà, ẹ ti rí i.

Òfin mélòó kan wà tí n kì í rú níbí. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ, tí ẹlòmíràn kò rí, kì í wọ ìwé. Orúkọ ẹni tó ràn lọ́wọ́ kì í wọ ìwé láéláé. Bí ẹ bá kọ pé ó san owó ilé ìwé fún ọmọ Lágbájá, Lágbájá wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀, ọmọ náà sì lè má mọ̀ rárá. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Àwọn ọmọ mẹ́rin tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde ní ilé ìwé gíga lórí owó rẹ̀." Owó tó yá ènìyàn, tí wọn kò tíì san, kì í ṣe ìtọrẹ; àwọn ọmọ míì máa ń fẹ́ fi ìtàn ìgbésí ayé sin gbèsè, ẹ má gbà. Ẹni tó bá sì ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé sàráà òun kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, àǹfààní ìtàn kò tó kí a tú àṣírí òkú.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló kàn, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ orí méjì: ti ilé, àti èyí tí wọ́n búra sí ní kóòtù nígbà tí wọ́n ń gbaṣẹ́, kí ìfẹ̀yìntì lè jìn díẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kan tó ń darí rẹ̀, pósítà á kọ 79, ìwé ètò á kọ 82, òkúta orí sàréè á kọ 85. Kí ohunkóhun tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí ẹbí mú ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa fún gbogbo ènìyàn ní nọ́ńbà náà, títí dórí oníbánà àti ẹni tó ń gbẹ́ òkúta.

Bí kò bá sí ìwé ìbí, ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ àgbà. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà àti bí ọmọ náà ṣe tóbi tó. Oòrùn dá òkùnkùn lọ́sàn-án gangan ní apá ibí yìí ní 20 oṣù Karùn-ún 1947. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó bá sọ pé ẹ̀yìn òun ni àbúrò òun wà nígbà tí àwọn adìyẹ sá wọ ilé, ọdún 1945 sí 1947 ni ẹ wà yẹn. Fún àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ogun Hitler wà láti 1939 sí 1945, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù nì, ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, wà ní 1930. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí. Wọ́n ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì, bí ó bá kan án, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà; ọmọ ọdún mẹ́wàá náà sì kan etí rẹ̀, ó sì wọlé. Ohun tí ìwọlé ọdún yẹn ń sọ ni pé kò lè jẹ́ lẹ́yìn 1949 tàbí àyíká rẹ̀ ni wọ́n bí i, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àmì mìíràn tún wà: wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú 1965 sí 1966, Àgbẹ̀kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ lórí owó orí ní 1968 sí 1969, ọjọ́ tí ọkọ̀ yí sí apá ọ̀tún ní 2 oṣù Kẹrin 1972. Àwọn yìí wúlò fún ọdún ìgbéyàwó àti ọdún tí wọ́n kọ́lé ju ti ìbí lọ. Ní Ìjẹ̀bú, ẹ béèrè régberégbe rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ojúgbà, ìṣòro á fúyẹ́.

Orúkọ pàápàá máa ń jẹ́rìí. Ẹni tó ń jẹ́ Babátúndé, bàbá àgbà kan ti kú ṣáájú rẹ̀. Bí ẹbí bá sọ pé 1950 ni bàbá àgbà kú, tí wọ́n sì bí Babátúndé ní 1948, ọ̀kan kò tọ̀nà, àfi bó bá jẹ́ bàbá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìdòwú ní ìbejì níwájú. Abíọ́dún, ẹ béèrè ọdún wo, Kérésì ni tàbí ọdún ìbílẹ̀ ìlú. Bàbá lè ní orúkọ méjì pẹ̀lú, Múfútáù nílé, Michael ní ilé ìwé àwọn ìjọ; ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí wọ́n jọ kàwé á jókòó síbẹ̀ láìmọ̀ pé ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń sin.

Àṣìṣe tí mo máa ń yọ jù ni èyí tó fi ohun òní sínú àná. "Wọ́n bí i ní 1938 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun." Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀ ní 27 oṣù Kẹjọ 1991. Ní 1938, abẹ́ ìjọba amúnisìn ni gbogbo wa wà. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1967, wọ́n pín in sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ ní 3 oṣù Kejì 1976, Èkìtì kò yọ kúrò lára Oǹdó àfi ní 1 oṣù Kẹwàá 1996. Ẹ kàn kọ orúkọ ìlú, kí ẹ fi "tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí" kún un. "Ó ń gba náírà 15 lóṣù ní 1962." Pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná títí di 1 oṣù Kìn-ín-ní 1973, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. "Ó jáde ní Mọ́dáànù ní 1950": ilé ìwé mọ́dáànù kò bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955. Ẹni tó kàwé ní Fáṣítì Ifẹ̀ ní 1970 kò kàwé ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, 1987 ni orúkọ yí padà. Àwọn tó jókòó sí ìlà iwájú níbi ìsìnkú bàbá ọlọ́dún 85 jẹ́ ọlọ́dún 80. Wọ́n mọ gbogbo èyí ju akọ̀wé lọ, bí wọ́n bá ti gbọ́ àṣìṣe kan, wọn kò ní gba ìyókù gbọ́.

Orúkọ àwọn ọmọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ má béèrè pé mélòó ni wọ́n. Ẹ ní kí ẹbí fúnra wọn kọ orúkọ wá. Bí wọ́n ṣe bí wọn ni kí ẹ tò wọ́n, láìka ìyá sí, kí àgbà ẹbí méjì sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ìwé ètò ìsìnkú kì í ṣe ìwé ogún, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ ní ìdí-igi (bí ìyá ṣe pọ̀ tó) tàbí orí-ò-jorí (bí ọmọ ṣe pọ̀ tó), ẹnì kan á gbé e jáde.

Oríkì ìdílé, ẹ má lọ kó o láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí pọ̀, ṣùgbọ́n agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀, orúkọ baba ńlá tirẹ̀ àti ìtàn tó so mọ́ ọn. Àwọn ìyá tí wọ́n fẹ́ wọ agbo ilé náà ló mọ̀ ọ́n jù, torí àwọn ló ń fi í kí ọkọ àti ọmọ láàárọ̀. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìlà 8 sí 12 tó fún ìwé ètò. Bí àwọn méjì bá kì í lọ́nà méjì, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ ti ìdílé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń lọ́ pọ̀.

Àwọn ọmọ tó wà ní London àti Houston á fi ọ̀rọ̀ tiwọn ránṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò burú, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí Yorùbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ìyá wọn ló máa ní kí wọ́n kà á fún òun lálẹ́. Èyí tó ń yí i padà kò gbọ́dọ̀ yí i ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá kọ pé bàbá òun ni àpáta òun, ohun tó ní lọ́kàn ni pé, "Òun ni mo fi ẹ̀yìn tì."

Ẹ ò ní rí iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn lójijì bí iṣẹ́ àmì ohùn. Ọkọ ni ẹni tó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀, oko ni wọ́n ń lọ. Mo ti rí i lójú ìwé àkọ́kọ́ pé "ọkọ̀ àtàtà ni", lẹ́tà ńláńlá, aláwọ̀ góòlù. Kì í ṣe akọ̀wé ló ń fà á nígbà gbogbo. Fọ́ǹtì aláràbarà tí atẹ̀wé fẹ́ràn kì í ní ẹ́ àti ọ̀. Á gbé àpótí òfìfo síbẹ̀, tàbí kó ju àmì sókè lẹ́tà kejì. Ẹ fi gbólóhùn kan dán fọ́ǹtì náà wò kí wọ́n tó to ohunkóhun: "Ọkọ rẹ̀ lọ sí ọjà Ọ̀jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Bí àmì kan bá ṣí, ẹ yan fọ́ǹtì mìíràn. Kí ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní PDF pẹ̀lú fáìlì Word, kí ẹ sì ka èyí tó tẹ̀ jáde lórí bébà, torí ojú fóònù ń bo àṣìṣe. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa kà á kẹ́yìn.

Ìwé tí wọ́n ń ṣẹ́ po tí wọ́n fi píìnì méjì kàn láàárín, ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin: 12, 16, 20, 24. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ 17, ẹ máa san owó 20, ojú ìwé mẹ́ta á sì ṣófo. Nígbà náà ni wọ́n ń wá àwòrán tí kò yẹ láti fi dí i. Fún A5, bébà 135 gsm (ìwọ̀n ìwúwo bébà) fún inú àti 250 tàbí 300 fún èèpo ẹ̀yìn ti dára tó. Fún àlejò 300, èmi máa ń sọ pé kí wọ́n tẹ 180, ìdílé kan ń pín ọ̀kan kà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ yọ 20 sọ́tọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, opó nìkan ni kò ní ní tirẹ̀.

Àwòrán: WhatsApp ń fún àwòrán pọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Àwòrán àtijọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù bó bá ṣe é yọ láìya, kí ẹ fi ẹ̀rọ sikánà gbé e ní 600 dpi. Bí kò bá sí sikánà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ẹ pa filáàṣì. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á, ẹ ya á bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wá àwòrán kan tí bàbá kò ti mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, kó sì jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú àwòrán agbádá, gbogbo ọkùnrin jọra.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń fún kíka ìtàn. Ẹni tó ń kàwé sókè láìsáré ń ka ọ̀rọ̀ bí 110 ní ìṣẹ́jú kan, ó di 550. Ẹ kọ èyí tó gùn sínú ìwé, kí ẹ gé èyí tó kúrú fún kíkà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n lẹ́tà 16 sórí bébà ọ̀tọ̀. Ọmọ-ọmọ tó mọ Yorùbá kà ni kí ẹ fún, kó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì nílé. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti há, ẹ fi àlàfo ńlá síbẹ̀ kó lè mí.

Àwọn àwòrán tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹbí àti àdúgbò, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n pẹ̀lú pẹ́ńsùlù sórí ànfílọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n, ẹ má kọ ohunkóhun sẹ́yìn àwòrán fúnra rẹ̀. Kí gbogbo wọn ti padà sílé kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, pẹ̀lú ìwé ètò kan nínú ànfílọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Ti alákàrà orí ìta náà, ẹ gbé e lọ fún un.